Kí ló dé tí kòkòrò fi ń jẹ irúgbìn kan, tó sì ń fi òmíràn sílẹ̀?

Ìbéèrè òǹkàwé: “Mo kó irúgbìn oríṣi mẹ́rin sínú abọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìdé wọn, nínú àpótí kan náà: ẹ̀wà olójú dúdú, ẹ̀wà pupa ńlá, hóró làrà àti hóró wèrèpè. Nígbà tí mo padà wò wọ́n, ẹ̀wà olójú dúdú ti lu jálẹ̀, kòkòrò ń rìn lórí rẹ̀, ìyẹ̀fun sì ti kún ìsàlẹ̀ abọ́. Nǹkan kan kò ṣe àwọn mẹ́ta yòókù. Ṣé ẹ̀wà olójú dúdú ló dùn jù ni, àbí kò sí ohun tí kòkòrò lè jẹ nínú àwọn yòókù?”

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ sì kú àkíyèsí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ì bá ti da gbogbo rẹ̀ nù láì wo èyí tí kòkòrò jẹ àti èyí tí kò jẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ adùn kúrò nílẹ̀. Kò sí èyí tó ṣófo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ọmọ ewéko tó ta gbòǹgbò, kó tó yọ ewé tí yóò fi máa bọ́ ara rẹ̀, ó ní láti rí nǹkan jẹ. Ìdí nìyẹn tí ìyá rẹ̀ fi ń kó sítáàṣì, òróró àti purotéènì sínú hóró, tó sì ń fa omi kúrò nínú rẹ̀ kó lè pẹ́. Omi ló pọ̀ jù nínú ewé tútù; irúgbìn gbígbẹ ní tirẹ̀, oúnjẹ ló kún inú rẹ̀. Hóró làrà tí kòkòrò kò fọwọ́ kàn nínú àpótí yín, òróró nìkan tó nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Purotéènì inú wèrèpè kò sì kéré sí ti ẹ̀wà. Oúnjẹ wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Ẹ̀ṣọ́ ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí mo máa ń béèrè nípa irúgbìn èyíkéyìí ni pé: ẹ̀ṣọ́ wo ló ní, kòkòrò wo ló sì ti mọ bí a ṣe ń kọjá lára rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀wà olójú dúdú. Pẹ̀lú ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí, Callosobruchus maculatus, kòkòrò kékeré kan tó ń lu ẹ̀wà, tàbí ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́ ló ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ mú hóró kan síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Ẹ ó rí àmì funfun kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ èèpo pinpin. Ẹyin ni. Nígbà tí abo ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e, ó mọ́ gaara, ó ń dán. Nígbà tí ẹyin náà bá pa, ìdin kì í jáde síta rárá. Ìsàlẹ̀ ẹyin gan-an ló ń gbà, ibi tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀wà, yóò lu èèpo, yóò wọlé, yóò sì máa ti ìyẹ̀fun tó ń gbẹ́ padà sẹ́yìn sínú èèpo ẹyin tó ti ṣófo. Ìyẹ̀fun yẹn ló sọ ẹyin di funfun. Nítorí náà, ẹyin funfun túmọ̀ sí pé ìdin ti wọlé.

Inú níbẹ̀ ni yóò ti jẹ, tí yóò ti máa bọ́ awọ, tí yóò sì ti di kòkòrò alápá. Bí ojú ọjọ́ bá móoru, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Kó tó yí padà, yóò jẹ ọ̀nà dé abẹ́ èèpo, yóò sì dá a dúró níbẹ̀, kí èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ róbótó kan ṣẹ́ kù. Bí ẹ bá rí hóró tó ní ojú róbótó tó ṣú lábẹ́ èèpo, tí kò sì tíì lu, kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀. Bó bá tó àkókò, yóò fi orí ti èèpo náà ṣí, yóò jáde, yóò wá akọ tàbí abo tirẹ̀. Abo kan lè yé ẹyin tó tó 100. Kò nílò oúnjẹ tàbí omi kó tó yé wọn, nítorí ohun tó jẹ nígbà tó wà ní ìdin ti tó o lò.

Ẹ wá wò ó: abo tó ń yan hóró kò tọ́ ẹ̀wà wò. Bí ojú hóró ṣe rí ló ń yẹ̀ wò. Ó ń fẹ́ èyí tó jọ̀lọ̀, tó sì tóbi tó, ó sì máa ń yẹra fún èyí tí ẹyin ti wà lára rẹ̀ bí hóró mìíràn bá ṣì wà, torí pé ìdin méjì nínú hóró kékeré kan yóò máa du oúnjẹ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ojú yìí sì máa ń tàn án jẹ. Nínú yàrá ìwádìí, ó ti yé ẹyin sára bíìdì onígíláàsì tí kò ní nǹkan kan nínú. Ó sì máa ń yé e sára ẹ̀wà pupa ńlá náà. Ẹ fi gíláàsì kan náà wo ẹ̀wà pupa yín dáadáa. Kò ní yà mí lẹ́nu bí ẹ bá rí ẹyin díẹ̀ lára rẹ̀. Kòkòrò náà dé ibẹ̀, ìdin sì gbìyànjú àtiwọlé. Inú ẹ̀wà ló kú sí.

Sítáàṣì ló pọ̀ jù nínú ohun tí ìdin ń gbé mì, kò sì lè rí i lò àfi bí ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ tó ń jẹ́ amylase bá gé e sí ṣúgà. Ẹ̀wà pupa, Phaseolus vulgaris, ní purotéènì kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ amylase yìí, tí kò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ìdin ń jẹ, inú rẹ̀ ń kún, ebi sì ń pa á kú. Ẹ má rò pé àbá lásán ni. Ní 1994, àwọn olùwádìí fi hàn pé bí wọ́n bá gbé jíìnì purotéènì yìí láti ara ẹ̀wà sínú ewéko tó ń jẹ́ pea, tí kòkòrò Callosobruchus máa ń jẹ tẹ́lẹ̀, hóró pea náà yóò di ohun tí ìdin kò lè dàgbà nínú rẹ̀ mọ́. Purotéènì kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì bá ẹ̀wà pupa yọ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ẹ̀wà yìí ti ṣẹ̀ wá, ibẹ̀ náà sì ni kòkòrò méjì mìíràn ti wá, Acanthoscelides obtectus àti Zabrotes subfasciatus, tí wọ́n ń jẹ ẹ́ láìsí wàhálà. Ohun tó dí ìfun Callosobruchus kò dí tiwọn. Acanthoscelides kì í tilẹ̀ lẹ ẹyin mọ́ hóró. Ó kàn ń yé e sáàárín wọn, ìdin tó bá pa yóò sì rìn kiri títí yóò fi rí ibi tó lè gbà wọlé. Bí ẹ kò bá rí èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì, ohun tó ṣeé ṣe jù ni pé wọn kò tíì débẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ wèrèpè yàtọ̀. Inú hóró rẹ̀ ni èròjà L-dopa wà, èyí tí àwọn dókítà ń lò fún àìsàn Parkinson, ó sì lè lé ní ìdá 4 nínú 100 ìwọ̀n hóró gbígbẹ. Kòkòrò tí kò bá a dàgbà kò lè fara dà á. Làrà ní ricin, purotéènì tó ń ba ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe purotéènì jẹ́. Oró yìí kò mọ kòkòrò yàtọ̀ sí èèyàn, nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé hóró làrà kúrò níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó, kí ẹ má sì kó o sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí ẹ ó sè jẹ mọ́.

Tí ọ̀rọ̀ bá ti dé orí oró báyìí, mi ò lè ṣe kí n má sọ ti kòkòrò tó ń jẹ́ Caryedes brasiliensis, nítorí kò sí ohun tó là mí lójú nínú ọ̀ràn yìí tó o. Igi tó ń fà kan wà ní orílẹ̀-èdè Costa Rica, Dioclea megacarpa lorúkọ rẹ̀. Canavanine ló kó sínú hóró rẹ̀, ó sì lè lé ní ìdá 10 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀. Canavanine jọ arginine gan-an, arginine sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èròjà 20 tí ohun ẹlẹ́mìí fi ń to purotéènì. Bí ọ̀pọ̀ kòkòrò bá jẹ ẹ́, ara wọn kò ní mọ ìyàtọ̀. Yóò mú canavanine tò síbi tó yẹ kí arginine wà, purotéènì tó bá jáde kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, kòkòrò náà yóò sì kú tàbí kó di abirùn.

Hóró olóró yìí gan-an ni ìdin Caryedes ń jẹ dàgbà. Gerald Rosenthal, Daniel Janzen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wádìí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Wọ́n rí i pé ẹ́ńsáìmù tó ń mú arginine wá síbi iṣẹ́ nínú ara Caryedes mọ àwọn méjèèjì yàtọ̀. Kì í mú canavanine. Kò parí síbẹ̀. Ìdin náà ń fọ́ canavanine, ó ń yọ nítírójìn inú rẹ̀, ó sì ń fi nítírójìn náà ṣe ara tirẹ̀. Ohun tí igi náà kó jọ láti fi lé kòkòrò ti wá di oúnjẹ fún kòkòrò kan, àwọn tí ì bá sì bá a du oúnjẹ náà kò lè wọlé.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn nínú ayé irúgbìn. Láàárín àwọn kòkòrò tó ń dàgbà nínú hóró, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé irúgbìn kan tàbí àwọn ìbátan rẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n jẹ. Bí ẹ̀ṣọ́ kan bá ṣòro kọjá, àtikọjá rẹ̀ ń gba kòkòrò ní ọ̀pọ̀ ìran, ohun tó sì kọ́ níbẹ̀ kì í wúlò fún un níwájú ẹ̀ṣọ́ mìíràn. Nígbà mìíràn, kòkòrò kò tilẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ́ ọ. Hypothenemus hampei, tó ń lu hóró kọfí, ń jẹ kaféènì tó tó láti pa kòkòrò mìíràn. Ìwádìí tó jáde ní 2015 fi hàn pé baktéríà inú ìfun rẹ̀ ló ń bá a fọ́ kaféènì náà; nígbà tí wọ́n fi oògùn pa baktéríà wọ̀nyí, kaféènì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde láìfọ́.

Bí oró bá ṣe iṣẹ́ tó báyìí, kí ló dé tí gbogbo ewéko kò fi ní in? Nítorí pé ohun tó ń ná ewéko pọ̀. Nítírójìn àti agbára tí ewéko fi ń ṣe canavanine tàbí L-dopa, òun náà ni ì bá fi ṣe hóró sí i. Ní 1969, Janzen gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ewéko ìdílé ẹ̀wà ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà. Ó rí i pé àwọn tí kòkòrò ń jẹ irúgbìn wọn sábà máa ń so hóró kéékèèké tó pọ̀ jaburata, nígbà tí àwọn tí kòkòrò kì í jẹ ń so díẹ̀, tó tóbi, tó sì sábà máa ń ní oró. Apá kan gbà pé kí kòkòrò jẹ títí, díẹ̀ yóò ṣẹ́ kù. Apá kejì ń ṣọ́ ìwọ̀nba tó ní. Ọ̀nà méjèèjì ló gbé irú wọn dé òní, nítorí náà mi ò ní gbà fún ẹni tó bá ní ewéko tí kòkòrò ń jẹ “kò lágbára”.

Nínú ìwé kan náà ni Janzen ti to oríṣiríṣi ọgbọ́n mìíràn jọ. Àwọn igi kan wà tó jẹ́ pé bí ìdin bá ti ń lu àpò tí hóró wà nínú rẹ̀, oje yóò tú jáde, yóò sì bo òun àti ẹyin tó wà nítòsí mọ́lẹ̀. Awọ òde àpò àwọn mìíràn ń ṣí bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹyin tí kòkòrò ti lẹ̀ mọ́ ọn. Àpò òmíràn ń bẹ́ gbàù, ó sì ń fọ́n hóró ká kí ìdin tó wà lára àpò tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Hóró míì sì wà tó kéré tàbí tó tẹ́ pẹlẹbẹ débi pé kòkòrò kò lè rí àyè dàgbà nínú rẹ̀.

Àkókò náà wà níbẹ̀. Igi oak àti beech lè má so nǹkan gidi fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí gbogbo wọn ní agbègbè kan tó wá so yanturu lọ́dún kan náà. Ní ọdún tí èso kò sí, kòkòrò ń dín kù. Nígbà tí ọdún ọ̀pọ̀ bá dé, iye tó ṣẹ́ kù kò lè jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Àwọn igi ìdílé Dipterocarpaceae ní Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà tún jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá kí oríṣiríṣi wọn tó so pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Curculio, kòkòrò onímú gígùn tó ń lu èso oak, ti rí ọgbọ́n kan dá sí i. Ìdin rẹ̀ ń kúrò nínú èso wọ inú ilẹ̀, àwọn kan a sì wà níbẹ̀ ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó jáde. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo èso oak tí ìdin wọ̀ ló ń kú. Èso náà tóbi, ìdin sì sábà máa ń jẹ ẹ́ láti ìdí, nígbà tí ọmọ ewéko inú rẹ̀ wà lápá ẹnu ṣóńṣó, nítorí náà èso tó ti lu tún lè hù.

Eèrà kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú àwọn tó ń gbé inú hóró. Èyí tó bá lè gbé ló ń gbé. Ọ̀rá kékeré kan sì máa ń wà lára irúgbìn àwọn ewéko kan, tó jẹ́ pé òun ni eèrà ń wá. Yóò gbé hóró délé, yóò jẹ ọ̀rá, yóò sì da hóró sórí ààtàn rẹ̀, níbi tó ti lè hù. Ẹni tó bá rí eèrà tó ń kó irúgbìn lọ kò gbọ́dọ̀ tètè pè é ní olè.

Mo fẹ́ padà sí ẹ̀wà olójú dúdú, nítorí ọwọ́ àwa èèyàn wà nínú ọ̀ràn rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún la fi ń yan irúgbìn tó tóbi, tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí kò korò, tó tètè jinná. Ohun tí a ń yọ kúrò nígbà yẹn, ẹ̀ṣọ́ ewéko ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀wà pupa náà ní irú ìtàn yìí. Àwọn kan nínú ẹ̀wà inú igbó ní Mẹ́síkò ní purotéènì tí wọ́n ń pè ní arcelin, tó ń dá Zabrotes dúró; kò sí nínú ẹ̀wà tí a ń gbìn, àfi èyí tí àwọn olùwádìí bá fi í sí padà. Ní ti ẹ̀wà olójú dúdú, IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, yẹ oríṣi ẹ̀wà ẹgbẹẹgbẹ̀rún wò ní àwọn ọdún 1970, èyí tí wọ́n rí tó ṣeé fọkàn tán ni TVu 2027. Òun náà kì í pa gbogbo ìdin. Ó ń dín wọn kù, ó sì ń mú kí àwọn tó kù pẹ́ kí wọ́n tó jáde.

Ohun kejì tí a ṣe ni pé a ń kó hóró jọ. Nínú oko, ẹ̀wà wà nínú àpò rẹ̀, àwọn agbọ́n kéékèèké sì wà tó ń wá ìdin kòkòrò kiri láti yé ẹyin sí i lára. Nínú abọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún hóró láìsí àpò ló wà níwájú abo kan, agbọ́n kì í sì sábà débẹ̀. Ìran kan ń bí èkejì láàárín oṣù kan. Ìdí nìyẹn tí ohun tó jẹ́ ẹyin díẹ̀ lára àwọn hóró tí wọ́n kó wọlé láti oko fi di ìyẹ̀fun nísàlẹ̀ abọ́ yín.

Ohun tí mo máa sọ pé kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ má ṣe da ẹ̀wà tó lu náà síbi tí kòkòrò inú rẹ̀ yóò ti rìn padà. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sínú fírísà. Ẹ kó ẹ̀wà pupa àti irúgbìn tuntun tí ẹ bá fẹ́ pa mọ́ sínú fírísà náà, ní nǹkan bíi -18°C, fún ọ̀sẹ̀ kan. Yóò pa ẹyin, ìdin àti àgbà. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má ṣí i títí òtútù rẹ̀ yóò fi lọ tán, kí omi má bàa sẹ̀ sí i lára, lẹ́yìn náà kí ẹ dà á sínú ohun tó ní ìdérí tó há. Ẹ̀wà pupa nílò ìdérí náà bíi ti olójú dúdú, torí pé Acanthoscelides ń fò, purotéènì tó pa Callosobruchus kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan.